Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí àlejò háyà kẹ̀kẹ́ ní Amsterdam?

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú Igbó:

Ẹ̀yin ọmọ ilé, mo kí yín o, mo sì kí gbogbo ará ilé yín. Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá kí òun lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá ti kọjá tí ìlú sì ti rọlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la ó lò ní Amsterdam, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni ọmọ náà yóò wà ní ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, àwa méjèèjì la ó sì máa mú ara wa kiri. Ó ní kí a háyà kẹ̀kẹ́, pé òun ni tọmọdé tàgbà ń gùn níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe Márúwá. Ìyá rẹ̀ fèsì pé òun kò ní lọ fi ara pa sí ìlú onílùú.

Ọmọ ọdún 61 ni mí. Ní ìgbà èwe wa ní Ìjẹ̀bú Igbó, ẹ̀yìn ilé ìwé la ti máa ń lọ sí ìsọ̀ ẹni tó ń tún básíkù ṣe, a ó san kọ́bọ̀ díẹ̀, a ó sì háyà kẹ̀kẹ́ Raleigh fún ìlàjì wákàtí. Nítorí pé irin àárín rẹ̀ ga jù wá lọ, abẹ́ irin náà la máa ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀, tí a ó gbé ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a ó sì máa wa kẹ̀kẹ́ bí akàn. Àpá tí mo gbà níbẹ̀ ṣì wà ní orúnkún mi di òní. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún 35 tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn, ìyàwó mi náà kò sì gùn ún mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣàì ní ìdí. Ó ní bí a bá ń fi ìbẹ̀rù dá títì kọjá ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú Òde tí a ti mọ ìwà àwọn ọlọ́kadà, báwo la ó ṣe ṣe é ní ibi tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀, ṣé kí a háyà á àbí kí a fi sílẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ dín owó kù?

Ọmọ Mákùn, Ṣágámù:

Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá wa, ẹ bá mi kí màmá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ní Amsterdam, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ní òjò àti ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ háyà á, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó má sì jẹ́ ní àárín gbùngbùn ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù mọ́tò kúrò lọ́kàn màmá. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ìjọba ìlú ti pàṣẹ pé ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òpópónà, mọ́tò kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ, ọ̀pọ̀ títì ńlá ló sì ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa tẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn bíi tiwa. Ohun tó ń gbé àlejò ṣubú ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àti irin tí ọkọ̀ tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìgboro, ń gbà.

Ẹ wo aago mẹ́jọ àárọ̀: obìnrin kan ti gbé ọmọ méjì sínú àpótí iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ já wọn sí ilé ìwé kó tó lọ síbi iṣẹ́, ogún èèyàn sì tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà garéèjì lọ. Bí àlejò bá dúró lójijì ní iwájú wọn kí ó lè ya fọ́tò odò, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá lu aago lẹ́yìn yín, èébú kọ́ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn fẹ́ kọjá. Ẹ má bojú wẹ̀yìn, ẹ sún mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì máa lọ ní tààrà, wọ́n á gba ọwọ́ òsì kọjá.

Ti irin tíráàmù ló le jù. Kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà gba táyà kẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́, bí ihò ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá, ẹ dábùú rẹ̀ tààrà, kí ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọ̀ ọ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í kọjá, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tíráàmù fúnra rẹ̀ kò lè yà fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ yà fún un.

Ohun kan tún wà tí àwọn àgbà tó kọ́ Raleigh kì í fura sí. Lórí Raleigh, bí ẹ bá yí ẹsẹ̀ sẹ́yìn, lófìfo ló ń yí. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àháyà níbí kò ní bíréèkì ọwọ́ rárá: ẹsẹ̀ tí ẹ yí sẹ́yìn yẹn gan-an ni bíréèkì. Ẹ̀gbọ́n mi kan wá láti Ṣágámù, ó gun orí afárá kan, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló fi ìgbéraga yí ẹsẹ̀ sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe ní Sábó nígbà èwe rẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúró gbà, fìlà rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń háyà á fún yín pé oní-bíréèkì ọwọ́ lẹ fẹ́. Wọ́n ní in.

Ní ti òfin, láti oṣù Keje ọdún 2019 ni wọn ò ti gbọdọ̀ rí fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, owó ìtanràn ló sì wà nídìí rẹ̀. Lálẹ́, iná funfun gbọ́dọ̀ wà níwájú, kí pupa wà lẹ́yìn. Ẹ na ọwọ́ síbi tí ẹ bá fẹ́ yà sí. Ní oríta tí kò ní àmì, ẹni tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún yín bọ̀ ló lọ̀nà; bí ẹ bá sì rí onígun mẹ́ta funfun tí wọ́n tò sílẹ̀ bí eyín, tí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí yín, ẹ̀yin lẹ máa dúró. Òfin kò fi dandan lé akoto, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè fún un.

Àgádágodo méjì ni wọ́n máa kó fún yín, èyí tó wà lára táyà ẹ̀yìn àti ṣéènì. Ẹ lo méjèèjì, kí ẹ sì fi ṣéènì náà so kẹ̀kẹ́ mọ́ irin tí kò ṣeé gbé. Bí ẹ bá gbé e síbi tí kò yẹ, ìjọba ìlú á gbé e lọ, ẹ ó sì sanwó kí ẹ tó rí i gbà. Níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Amsterdam Centraal, wọ́n kọ́ ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí kan sábẹ́ omi, wọ́n ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó ń gba kẹ̀kẹ́ 7,000, wákàtí 24 àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ yọjú síbẹ̀ kódà bí ẹ kò bá gun nǹkan kan.

Ibi tó dùn ún gùn wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ yẹn kan náà. Ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn àti kẹ̀kẹ́ kọjá omi IJ lọ sí Noord, apá àríwá ìlú náà, láìgba kọ́bọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ tọ etí òkìtì tí wọ́n fi dá omi dúró lọ sí abúlé Durgerdam, tí àwọn ilé onípákó rẹ̀ tò kọjú sí omi, bí ẹsẹ̀ bá sì ṣì gbé e, ẹ tẹ̀ síwájú dé Ransdorp. Màlúù àti pẹ́pẹ́yẹ lẹ máa bá pàdé, kò sí tíráàmù. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ nìkan ni òkè ibẹ̀. Nítorí náà ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ó lè máa tì yín bọ̀ wálé nígbà tí ó bá ti rẹ̀ yín.

Owó rẹ̀ máa ń tó yúrò 10 sí 15 fún ẹnì kan lójúmọ́. Bó bá jẹ́ pé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan lẹ fẹ́ wò, kò dín owó kù. Ẹ lè fi káàdì báńkì yín kan ẹ̀rọ nínú tíráàmù, ìyẹn náà ti tó.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru:

Mo kí gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ àbúrò mi láti Mákùn, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba bàbá nímọ̀ràn pé kí wọ́n háyà ohunkóhun.

Ní ọdún 2018, nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún 54, mo háyà kẹ̀kẹ́ ní ìlú yẹn. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Mo gbọ́ agogo tíráàmù lẹ́yìn mi, àyà mi já, mo sì fẹ́ yà kúrò lọ́nà kíákíá. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi yà. Táyà iwájú wọ inú kòtò irin, kẹ̀kẹ́ dúró, èmi kò dúró. Mo na ọwọ́ sílẹ̀ láti fi gba ara mi, bí gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣe, eegun tó wà nítòsí ọrùn ọwọ́ sì ṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo ti ṣe láti kékeré ni, mo sì ti di irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Láti bí ọdún 50 lọ, pàápàá lára àwa obìnrin, eegun náà kì í le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Ọwọ́ òsì ni mo fi jẹ ẹ̀bà títí mo fi padà dé Ìpẹru, àwọn ọmọ ilé sì ń wò mí bí aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ kàn ṣàkíyèsí pé ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń béèrè fún físà Schengen, ìyẹn físà tí ẹ fi ń wọ Nẹ́dálándì, tí kò gbọdọ̀ dín ní yúrò 30,000, wà fún ìtọ́jú ìlera. Ẹ ka inú rẹ̀ dáadáa kí ẹ mọ ohun tó sọ nípa kẹ̀kẹ́. Èyí tí àwọn tó ń háyà kẹ̀kẹ́ máa ń tà fún yín, ti olè ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ti eegun. Láti Amsterdam Centraal sí Rijksmuseum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè rìn ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, ẹ ó sì rí àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ogún ayé ní ọdún 2010. Kí màmá sì mọ̀ pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pupa yẹn kì í ṣe ibi ìdúró. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń gbàgbé ara wọn sí.

Ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú Òde:

Ẹ kú àlàyé. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé a kò bí ọgbọ́n yìí mọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì. Ní ọdún 1971, àwọn èèyàn bí 3,300 ló kú sójú títì wọn, àwọn tó lé ní 400 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Inú bí àwọn òbí, wọ́n tú síta, wọ́n ní kí wọ́n dẹ́kun pípa ọmọ àwọn; nígbà tí epo wá wọ́n ní ọdún 1973, ìjọba fòfin de mọ́tò ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan, àwọn èèyàn sì rí bí títì ṣe rí láìsí ariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ara wọn láàyè.

Ohun tí àlejò kò ní nìyẹn. Ẹ wo àwa tí à ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba: ìdílé Balógun kọ̀ọ̀kan mọ ìgbà tó máa wọlé, ẹṣin mọ ẹlẹ́ṣin, ẹni tó máa ń fa wàhálà ni àlejò tó bọ́ síwájú ẹṣin pẹ̀lú fóònù, tó rò pé ẹṣin á dúró fún fọ́tò. Kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹ dúró sí oríta kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ kàn máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ yá kẹ̀kẹ́ ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú Igbó, kí ẹ gùn ún lórí pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí orúnkún bá kọ̀, ẹ ti mọ̀. Ní ti màmá, kẹ̀kẹ́ oníjòkòó méjì wà. Ẹ̀yin ní iwájú, àwọn lẹ́yìn.

Ọmọ Mákùn, Ṣágámù:

Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ oníjòkòó méjì yẹn wọlé. Ó gùn, ó wúwo, kò sì yára yà. Ẹni méjì tí kò tíì gun kẹ̀kẹ́ láti ọdún 35 yóò wá gun ẹyọ kan pọ̀?

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú Igbó:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá àwọn ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín sí oníjòkòó méjì náà, ó ní láti ọdún 34 ni òun ti jókòó lẹ́yìn mi nínú mọ́tò tí òun sì ń pariwo "Rọra!", òun kò ní lọ máa pa á ní Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́ létí, ẹsẹ̀ àti tíráàmù ni òun yóò lò. Èmi yóò bá a rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin tí ọmọ wa bá wà nílé, bí òjò kò bá rọ̀, òun àti èmi yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí apá Durgerdam, n ó sì béèrè oní-bíréèkì ọwọ́.

Mo ti yá kẹ̀kẹ́ bíríkìlà àdúgbò wa. Lánàá, mo yí pápá ilé ìwé po lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ọmọdé sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Gígùn rẹ̀ kò ṣòro. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ìṣòro mi, nítorí pé ẹsẹ̀ mi kì í tètè kan ilẹ̀. Báwo ni kí ìjókòó ṣe ga sí fún ẹni ọjọ́ orí mi?

Ọmọ Mákùn, Ṣágámù:

Ẹ ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì yóò fi tẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó. Kò ní yá ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó lè dúró nígbà tí ẹ bá fẹ́. Àwọn ará ibí ga, bí wọ́n sì ṣe ń gbé ìjókòó sókè nìyẹn, nítorí náà ẹ wà á yí ká ní iwájú ìsọ̀ náà kí ẹ tó sanwó.