Ta ló ti gé ìgò nílé rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Iye (ìyá) Tọ́pẹ́, Kàbbà: Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ìgò wáìnì tó ṣẹ́kù níbi ìgbéyàwó ọmọ mi tó 40. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ife àti ohun tí wọ́n ń gbin òdòdó sí. Mo we òwú tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì mọ́ ọn, mo ṣáná sí i, mo rì í bọ inú omi. Nínú ìgò 4, ẹyọ kan ló já, òun náà já wọ́gọwọ̀gọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ọmọ Ògìdì: Òwú yẹn ló dá àpá sí mi lọ́wọ́. Kẹrosíìnì ti kán sí mi lọ́wọ́ kí n tó ṣáná, iná sì tọ̀ ọ́ wá. Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò mọ́.

Adé Mọ̀pà: Èmi fi òwú gé méjì, wọ́n sì dáa. Ọwọ́ ló yàtọ̀ sọ́wọ́.

Onígíláàsì Ìsánlú: Adé, orí ló bá ẹ ṣe é. Òwú ò lè darí ibi tí gíláàsì máa gbà sán, kọ́tà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa ìlà sára gíláàsì, ló ń darí ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún 20 tí mo ti ń gé gíláàsì fèrèsé. Iye, ẹ fi igi méjì há ìgò náà kó má yí kúrò lójú kan, ẹ fi epo díẹ̀ kan ẹnu kọ́tà, ẹ wá máa yí ìgò, kí kọ́tà dúró. Ìlà kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá tún un tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ti bà á jẹ́, ẹ sì ti pa ẹnu kọ́tà. Ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀: bí ẹni ń ya aṣọ ló máa ń dún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rọra da omi gbígbóná yí ìlà náà ká, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ omi tútù, kẹ́ ẹ tún gbé e padà. Ibi tó gbóná ń fẹ̀, ibi tó tutù ń sún kì, ojú ìlà ló sì máa gbà já. Ẹ wọ awò o! Ojú ò ní àrọ́pò.

Ọmọ Ìyàrá: Ẹ ṣí ìdérí ìgò kẹ́ ẹ tó gbé e súnmọ́ iná tàbí omi gbígbóná.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Níbo la ti fẹ́ rí omi tútù nínú oṣù kẹta?

Onígíláàsì Ìsánlú: Omi kànga ti tó.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Kànga tiwa ti gbẹ, bàbá.

Adé Mọ̀pà: Mo gbé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kan tí wọ́n jù nù, mo ní kí n gé e fi ṣe ojú tábìlì. Mo fa ìlà, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ fọ́ yángá bí iyọ̀! Mo ṣì ń rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Ògìdì: Yéè! Tèmi náà nìyẹn! Mo rò pé àìmọ̀ọ́ṣe mi ni.

Onígíláàsì Ìsánlú: Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Wọ́n ti mú irú ẹ̀ gbóná, wọ́n sì fi atẹ́gùn mú un tutù kíákíá níléeṣẹ́. Kò ṣe é gé mọ́ láé.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò: Ẹnu ìgò tá a gé ńkọ́? Mo fi sáńdípépà gbígbẹ ha tèmi, ikọ́ mú èmi àtàwọn ọmọ.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Ṣebí yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Gbogbo wa la ń fa eruku símú nígbà ọyẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò: Eruku ọyẹ́ ò ní ẹnu bí abẹ. Wá wo ọ̀nà ọ̀fun ọmọ mi kó o tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìyàrá: Sáńdípépà dúdú tí àwọn akunmọ́tò ń lò ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ máa fi omi ha á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ 80, ẹ lọ sí 120, 220, títí dé 400. Eruku ò ní fò.

Ọmọ Ògìdì: Síbẹ̀, mi ò ní fún ọmọ kékeré ní ife yẹn mu. Òdòdó ni kẹ́ ẹ gbìn sínú ẹ̀.

Adé Mọ̀pà: Èmi ń fi tèmi mu kunu láràárọ̀.

Iye Tọ́pẹ́, Kàbbà: Mo ra kọ́tà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta gíláàsì fèrèsé lọ́jà. Nínú ìgò 7, 6 já gbọọrọ! Ọlọ́run á bù kún yín, Bàbá Ìsánlú.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò: Iye, ẹ bá mi fi méjì pamọ́.