Báwo làwọn adájọ́ ìdíje fọ́tò ṣe ń yan ẹni tó jẹ?

Ọmọ Obòkun (Iléṣà):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀. Mo máa ń ya ọdún Ìwúde, mo sì ń lọ síbi omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Bí mo bá gbé fọ́tò sórí WhatsApp, ìyìn ni ṣáá. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi wọ ìdíje, wọn kì í tiẹ̀ dárúkọ mi. Kí gan-an làwọn adájọ́ ń wò? Ọ̀kan tún wà nílẹ̀ báyìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n ń gbà. Ṣé kí n san án?

Ará Mọdákẹ́kẹ́:
Ojú ni wọ́n ń wò jàre. Ẹni tó bá lẹ́nìkan níbẹ̀ ló ń jẹ.

Bàbá Fọ́tò Lágeere (Ilé-Ifẹ̀):
Ará Mọdákẹ́kẹ́, rọra o. Mo ti bá wọn dájọ́ ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ní Ifẹ̀ níbí. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára àwòrán, a ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn má kọ orúkọ sórí fọ́tò nìyẹn. Àbúrò, mo wo àwọn tìrẹ, orúkọ rẹ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Yọ ọ́ kúrò kí o tó fi ránṣẹ́.

Abala kìíní kì í pẹ́ rárá. Àwòrán pọ̀ lọ súà, adájọ́ kàn ń wò ó fìrí ni: èyí dúró, èyí máa lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé o gun òkè Olúmirin dé ìpele keje kí o tó rí i yà. Àwọn èèyàn WhatsApp mọ̀ ẹ́, wọ́n mọ ìyà tó jẹ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń yìn ẹ́. Ohun tó wà nínú àwòrán nìkan ni adájọ́ rí. Bí àkòrí bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí o fi omi ránṣẹ́, ó ti tán, bó ti wù kó rẹwà tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni etí àwòrán. Wáyà iná, kúlà pupa, ọwọ́ ẹni tó gbé fóònù sókè: ibẹ̀ lojú adájọ́ máa ń sá lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ọlọ́jọ́. Lọ́dọọdún tí Ọọ̀ni bá dé Adé Àrè lọ sí Òkè Mògún, gbogbo wa tó ní kámẹ́rà la máa ń du adé yẹn. Lọ́jọ́ tí à ń dájọ́, adé, adé, adé, láti ibì kan náà, títí ojú fi sú wa. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa kò ní adé nínú rárá. Ìyá arúgbó kan ló ń wo ọba bọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, òjìji agboòrùn ọba sì ti bọ́ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan nínú wa ní ó ṣókùnkùn jù. Èmi rọ̀ mọ́ ọn. Ipò kejì ló padà ṣe, ó ṣì ń dùn mí.

Nǹkan kan tún kù. Má pa fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá rẹ́. Ní World Press Photo, ìdíje àgbáyé fún fọ́tò ìròyìn, àwọn tó bá dé abala òpin gbọ́dọ̀ kó o jáde, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Lọ́dún 2015, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ni wọ́n lé, torí wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú àwòrán tàbí wọ́n fi kún un. Ìdíje ẹranko igbó ti Natural History Museum ní London náà gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ ẹnìkan ní 2018: wọ́n ní ẹranko tó ń jẹ ikán tó yà, òkú tí wọ́n kì ni! Gé etí àwòrán, tan ìmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdíje gba ìyẹn. Àmọ́ wáyà iná tí o fi kọ̀ǹpútà pa rẹ́, á tú ẹ fó.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, ka òfin wọn kí o tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé gbogbo fọ́tò tó wọlé ti di tiwọn, bóyá o jẹ o, bóyá o ò jẹ o, sá fún wọn. Wò ó bóyá wọ́n dárúkọ àwọn adájọ́, kí o sì wá irú fọ́tò tó jẹ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Òṣómàáló kọ́ ni ẹ́ ni? Ọ̀fẹ́ ni World Press Photo. Ọ̀fẹ́ náà ni Wiki Loves Africa, láti 2014 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò ọ̀fẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni fọ́tò rẹ máa wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó tó bá ti dárúkọ rẹ, kódà bó fẹ́ fi pawó. Àwọn kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tèmi ò ní ìṣòro.

Ọmọ Obòkun:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, sà. Mo ti ka òfin wọn: àwọn tó bá jẹ nìkan ni wọ́n máa lò, fún ọdún kan. Orúkọ adájọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀. Omi ni àkòrí. Mo ní Olúmirin látòkè délẹ̀, mo sì ní ti obìnrin kan tó ń fún aṣọ nísàlẹ̀ níbẹ̀, omi ń ta sí i lójú. Èwo ni kí n fi ránṣẹ́?

Bàbá Fọ́tò Lágeere:
Obìnrin yẹn. Ti omi látòkè délẹ̀, wọ́n á rí i lọ́wọ́ ẹlòmíì. Gé ike funfun tó wà lápá òsì yẹn kúrò, bí kò bá ní gé ọwọ́ obìnrin náà. Sọ ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe nínú àlàyé, gbólóhùn méjì ti tó, má fi ewì kún un. Ṣé obìnrin náà mọ̀ pé o ya òun?

Ọmọ Obòkun:
Ó mọ̀, sà. Òun ló ní kí n tún un yà.

Bàbá Fọ́tò Lágeere:
Ó dáa. Fi ránṣẹ́ lónìí, má dúró dọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tì í. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Iléṣà yín yẹn, mo mọ̀ ọ́n.