Ọjọ́ tí inú ẹran mi dàrú: ẹ wá sọ tiyín

Olówúrẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Ewúrẹ́ mẹ́rìnlá ni mo ní nígbà náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn yàrá tí mò ń kó oúnjẹ wọn sí. Nígbà tí mo jí, mo bá mẹ́ta nínú wọn lórí àpò àgbàdo tó ti ya, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo débi tí kò yẹ kí n dé. Ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ṣebí àgbàdo lásán ni, kì í ṣe májèlé.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èyí tó tóbi jù kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Ó dúró gbagidi sójú kan, ó ń payín keke. Mo fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lápá òsì, ó ń mì bí omi inú kèǹgbè. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń jáde ní hóró hóró ti di omi, ó ń rùn kíkan.

Dókítà ẹran tó wá ló là mí lójú. Ó ní ewúrẹ́ kì í dá jẹun. Bakitéríà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ló kún ṣàkì rẹ̀ bámúbámú, àwọn ló ń tú koríko palẹ̀, ohun tí wọ́n bá mú jáde lára koríko náà ni ewúrẹ́ fi ń ṣagbára. Àgbàdo ya wọlé lójijì, àwọn tó fẹ́ràn sítáàṣì wá ń bí sí i, ásíìdì ni wọ́n sì ń pọ̀ jáde. pH inú ṣàkì (òǹkà tó máa ń já wálẹ̀ bí ásíìdì bá ń pọ̀), tó yẹ kó wà láàárín 6 sí 7, já wálẹ̀, àwọn tó ń jẹ koríko kú lọ bẹẹrẹ. Ásíìdì yẹn tún ń fa omi ara ẹran wọnú ṣàkì. Ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ̀ fi kún fún omi, tí ojú rẹ̀ sì rì wọnú bí ẹni tí òùngbẹ ń pa.

Ó fi rọ́bà da oògùn tó ń pa ásíìdì sí wọn nínú, ó sì fa omi sí wọn lára. Méjì yè. Èyí tó tóbi kú lọ́jọ́ kẹta. Òun ló máa ń wá pàdé mi lẹ́nu géètì.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ehoro:
Ẹ kú ìrọ́jú o. Tèmi kò ti ibi oúnjẹ wá, oògùn ni. Ehoro mi kan ní egbò lẹ́sẹ̀. Mo ní amoxicillin tó ṣẹ́kù nílé, èyí tí dókítà kọ fún ajá mi nígbà kan. Mo wò ó pé ẹran lẹran ń jẹ́, mo pò ó mómi, mo fún un mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Egbò ń jiná lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, kò fẹnu kan koríko. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń ṣu omi. Ilẹ̀ tún mọ́, mo bá a tó na gbalaja.

Ọwọ́ mi ni mo fi pa á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Oògùn tí ajá gbé mì láìsí wàhálà, tó bá gba ẹnu wọnú ehoro, ó máa ń pa àwọn bakitéríà rere tó wà nínú ìfun rẹ̀, àwọn bakitéríà burúkú tó ń jẹ́ Clostridium á wá gbàjọba, wọn á máa tu májèlé sí i lára. Láti ọjọ́ náà, n kì í fún ehoro ní oògùn kankan láì bi dókítà ẹran.

Ẹ tún gbọ́ èyí, bí kò tilẹ̀ kan ikú ẹ̀. Mo ti máa ń rí i kí wọ́n tẹrí sábẹ́ ìdí ara wọn kí wọ́n máa jẹ nǹkan, mo sì máa ń bínú pé ọ̀bùn ni wọ́n. Ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń ṣu! Ọ̀kan le, ó rí róbótó, yẹn ni à ń gbá dànù. Èkejì rọ̀, ó ń dán, ó ṣù pọ̀. Bakitéríà ti po fítámì B àti purotéènì sínú rẹ̀, ìyẹn sì ni wọ́n ń gbé padà sẹ́nu. Èmi ni mo jẹ́ òpè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran:
Ìyá Ehoro, ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ló ti ṣe irú ẹ̀.

Èmi ni mo di báàkẹ́ẹ̀tì mú lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa ṣe tiwọn. Abo màálù kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ṣàkì rẹ̀ dákẹ́ lọ gbáà. Ọ̀gá wa ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun màálù mìíràn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n fa omi ṣàkì rẹ̀ jáde, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ. Wọ́n ń pariwo mọ́ mi pé kí n yára, kí omi náà má tutù, torí àwọn kòkòrò yẹn kò fẹ́ òtútù, wọn kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ó wà lára aṣọ mi di ọjọ́ kejì. Wọ́n dà á sínú aláìsàn náà.

Mo kán díẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ wò ó, èrò ọjà ni! Àwọn ńláńlá ń sáré síbí, wọ́n ń sáré sọ́hùn-ún, àwọn kéékèèké rọ̀gbà yí wọn ká. Omi ti aláìsàn tí mo ti wò ṣáájú, kò sẹ́ni tó mira níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, màálù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko díẹ̀díẹ̀.

Aládìyẹ:
Tèmi kúrú. Àwọn òròmọdìyẹ tí mo fi ẹ̀rọ pa kì í lágbára tó àwọn tó tẹ̀lé ìyá wọn, mo sì rò pé òtútù ló fà á. Ìgbà tó yá ni mo kà nípa Nurmi àti Rantala, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Fínlándì. Lọ́dún 1973, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn fi ohun inú ìfun àgbà adìyẹ fún òròmọdìyẹ, Salmonella, bakitéríà tó ń fa àìsàn, kò sì rí ibi dúró sí nínú wọn. Èyí tí ẹ̀rọ pa kò bá ìyá kankan pàdé, kò sí bakitéríà rere nínú ìfun rẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò jókòó.

Ẹ má torí ẹ̀ lọ bu ìgbẹ́ adìyẹ fún òròmọdìyẹ o. Mo dán an wò, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló bá wọn wọlé.

Baba Ìgbẹ́:
Ọ̀rọ̀ omi ṣàkì yẹn rán mi létí nǹkan. Mo gbin Leucaena, igi kan tí ẹran ń jẹ ewé rẹ̀, fún ewúrẹ́ mi torí pé ó ń yára hù. Nígbà tó yá, irun ara wọn ń re, mo ń lérò pé kòkòrò awọ ni. Mimosine, májèlé inú ewé náà, ni. Ní Ọsirélíà, irú ẹ̀ ń yọ màálù wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ Hawaii ń jẹ ẹ́ láìsí nǹkan. Raymond Jones, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Ọsirélíà, ló fura pé inú ṣàkì ni àṣírí wà. Wọ́n gbé bakitéríà tó ń tú májèlé náà palẹ̀ láti ara ewúrẹ́ Hawaii wá fún màálù Ọsirélíà, ó sì ṣiṣẹ́. Synergistes jonesii ni wọ́n ń pè é báyìí, orúkọ ọkùnrin náà ló ń jẹ́.

Èmi kò rí bakitéríà ẹnikẹ́ni yá, mo dín ewé náà kù.

Olówúrẹ́:
Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi omi ṣàkì ewúrẹ́ kan gba òmíràn là?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran:
Ó ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n, bí ara èyí tí ẹ ó fà á lára rẹ̀ bá dá, tí dókítà sì wà níbẹ̀. Bí ásíìdì bá ṣì pọ̀ nínú aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ pa ìyẹn ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò á kú bí àwọn onílé.

Olówúrẹ́:
Mo gbọ́. Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ wọn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣe é, ẹ̀kúnwọ́ kan lé ẹ̀kúnwọ́ kan. Láràárọ̀, mo máa ń fi etí ti ẹ̀gbẹ́ òsì wọn: ṣàkì tó dáa ń kù rírì bí àrá òkèèrè, bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì ní ìṣẹ́jú kan. Ilẹ̀kùn yàrá oúnjẹ ti ní àgádágodo méjì. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó yè máa ń wá lá a lálaalẹ́.