Ṣé lóòótọ́ ni pé alápatà ló dá rọ́gbì ẹlẹ́ni méje sílẹ̀?

OmoPapa:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti wo fáínà rọ́gbì ẹlẹ́ni méje ní Olíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, ọjọ́ tí Faransé fi 28-7 na Fíjì, tí wọ́n fi Antoine Dupont, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Faransé, wọlé ní ìdajì kejì tí nǹkan wá yí bìrí mọ́ Fíjì lọ́wọ́, ni eré yìí ti wọ̀ mí lára. Ìṣẹ́jú méje, ẹ sinmi díẹ̀, ìṣẹ́jú méje míì, ó tán. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wá ń jiyàn lórí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òun ní Hong Kong ni, èmi ní mo gbọ́ pé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Melrose ni, pé alápatà kan ló ronú ẹ̀. Ńṣe ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ẹ̀, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Kí ló sì dé tí wọ́n fi gé ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa ń gbá rọ́gbì fún ẹgbẹ́ kan kù sí méje?

EgbonLagbo:
Àbúrò, ìwọ lo jàre, lọ sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ. Hong Kong ò bẹ̀rẹ̀ àfi 1976, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1883 ni Melrose ti gbá tiwọn, ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Ìlú kékeré ni Melrose, ìhà gúúsù Skọ́tlándì ló wà, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Borders, lẹ́bàá odò Tweed. Pápá wọn ń jẹ́ Greenyards, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Alápatà tí wọ́n sọ fún ẹ yẹn, Ned Haig lorúkọ ẹ̀, Jedburgh ni wọ́n bí i sí kó tó wá máa ṣiṣẹ́ ẹran ní Melrose, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú náà. Ọ̀gá ẹ̀ nídìí iṣẹ́ ẹran, David Sanderson, òun náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọn ì báà gé ẹran pa pọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tún jọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án.

Owó ló gbẹ lápò ẹgbẹ́. Àìlówó lọ́wọ́, baba ìjayà. Haig fúnra ẹ̀ ló ṣàlàyé ẹ̀ nígbà tó yá, pé àìsówó ló jẹ́ káwọn máa rorí ohun táwọn máa ṣe kí ẹgbẹ́ má bàa tú, ló bá wá sí òun lọ́kàn pé ká pe àwọn ẹgbẹ́ ìlú tó yí wa ká wá díje, èrò á wá, wọ́n á sanwó wọlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá kó ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbá ju ẹyọ kan lọ kílẹ̀ tó ṣú. Wọ́n bá dín wọn kù sí méje, wọ́n sọ eré kọ̀ọ̀kan di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó bí eré tá a wá ń wò ní Olíńpíìkì nìyẹn, kí wọ́n lè rówó ẹgbẹ́. Kì í tiẹ̀ ṣe rọ́gbì nìkan ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà o, eré sísá wà níbẹ̀ àti ìdíje bọ́ọ̀lù títa. Àwọn obìnrin ìlú ló fi ife ẹ̀yẹ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ladies' Cup.

OmoPapa:
Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ta ló wá gba ife yẹn lọ́dún àkọ́kọ́?

TokunboG:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí nítorí ó máa ń dùn mí. Melrose ló gbà á, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe gbà á. Àwọn àti Gala, ìyẹn ẹgbẹ́ Galashiels tí kò jìnnà sí wọn rárá, ló pàdé ní fáínà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ọ̀mì. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ká fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì kún un. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sínú àfikún yẹn ni Sanderson, alápatà ọ̀gá Haig, gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà Gala, ohun tí wọ́n ń pè ní try nìyẹn. Ẹ̀yin ará, ńṣe ni Melrose kúrò lórí pápá! Wọn ò ta bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n ta lẹ́yìn try, wọn ò dúró kí àsìkò pé, wọ́n ní àwọn ti jẹ, ó parí. Gala fárí gá, wọ́n ní àsìkò tá a jọ dá ò tíì pé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá parí sí ni pé Melrose gbé ife lọ. Lójú tèmi wọ́n rẹ́ Gala jẹ, àdéhùn ni àdéhùn, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni méje ìṣẹ́jú márùn-ún pọ̀ ju kéèyàn jẹ try méjì lọ.

EgbonLagbo:
Tọ́kunbọ̀, mi ò bá ẹ jiyàn pé Gala ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ohun tí mo kàn fẹ́ kó o wò ni pé òfin tòní, tí eré méje bá di ọ̀mì tí wọ́n wọ àfikún àsìkò, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ló borí lójú ẹsẹ̀. Ohun tí Melrose sọ lọ́jọ́ yẹn ló wá di òfin gbogbo ayé.

Gala náà ò sì jókòó kárí sọ, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1884, wọ́n ti dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, Hawick ṣe tiwọn ní 1885, kó o tó mọ̀ gbogbo Borders ti ní tiwọn. Ó dé pápá Twickenham ní London lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1926, ìyẹn Middlesex Sevens.

AdukeSport:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé èyí tó yẹ kó kàn wá jù. Ife Àgbáyé rọ́gbì ẹlẹ́ni méje, Melrose Cup lorúkọ ife ẹ̀, wọ́n fi sọrí ìlú yẹn ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n díje fún un, 1993, ní pápá Murrayfield ní Edinburgh, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á, wọ́n na Ọsirélíà 21-17. Ta ni kápútéènì tó gbé ife yẹn sókè? Andrew Harriman, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó! Òun náà ló jẹ try jù nínú gbogbo ìdíje yẹn. Eré ọmọkùnrin yẹn ò ṣeé lé, tó bá ti rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà báyìí, ẹ máa wo ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Ó ń ká mi lára pé a kì í dárúkọ ẹ̀ tá a bá ń ka àwọn eléré wa.

OmoPapa, má fi ọ̀rẹ́ ẹ ṣẹ̀sín jù o. Hong Kong ló mú un káyé. Ẹgbẹ́ méjìlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1976, Cantabrians láti New Zealand ló gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí ohun tí Fíjì lè fi bọ́ọ̀lù dá, Waisale Serevi, ọmọ Fíjì, sì gba Melrose Cup níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 1997 àti 2005.

OmoPapa:
Àǹtí Àdùkẹ́, ọmọ Èkó kẹ̀? Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi báyìí, kò tíì fèsì. Ṣé èèyàn lásán lè lọ wo ti Melrose yìí?

BodeLoke:
O lè lọ dáadáa. Edinburgh ni mò ń gbé, mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Láyé ìjọ́un, reluwé àkànṣe ló kó èrò wá láti Galashiels àti Hawick, wọ́n ti ojú irin yẹn pa ní 1969, ó di 2015 kí wọ́n tó ṣí apá kan padà, Tweedbank ló parí sí, ibẹ̀ lèmi ti sọ̀kalẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ rìn dé Greenyards. Pápá yẹn ò tóbi. Wàá gbọ́ èjìká tó bá gbá èjìká, gbì! Bí fèrè bá ti fọn tí méje yìí ń jáde, méje míì ti ń sáré wọlé. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ti gbá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń já báńdéèjì orí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹrẹ̀ dé itan, ẹnì kan pè é pé ó tún kàn wọ́n, ló bá fi eyín fa báńdéèjì tuntun ya, ó sì dìde.

Sátidé kejì oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe é. Tó o bá ń bọ̀, wọ kóòtù tó nípọn, afẹ́fẹ́ àwọn òkè Eildon yẹn kì í gbọ́ bẹ̀bẹ̀.