Báwo ni a ṣe lè so gíríìnì emerald pọ̀ mọ́ búlúù cobalt nínú ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó kan?

Ọmọ Èpè béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ni mò ń ṣe níbí ní Èpè, láti orí aṣọ tábìlì títí dé ibi ìjókòó ọkọ àti ìyàwó, mo sì máa ń bá àwọn oníbàárà ṣètò káàdì ìpè pẹ̀lú. Ìgbéyàwó kan wà lọ́wọ́ mi báyìí tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ìdílé ìyàwó ti ra léèsì gíríìnì emerald, ìdílé ọkọ ti ra búlúù cobalt, owó ti jáde lápò oníkálukú, kò sì sí ẹni tí a lè sọ fún pé kí ó lọ dá aṣọ padà. Ohun tí ó kù ni pé kí èmi so àwọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, kí ó má baà dà bí ẹni pé òde méjì ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ òrùlé kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọ̀ tí mò ń sọ, nítorí pé ní èdè wa, àwọ̀ ewé lè jẹ́ ti ewé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó sì lè jẹ́ ti ewé tó ti gbó, aró náà sì ní ìpele tirẹ̀. Emerald ni àwọ̀ òkúta iyebíye tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní smaragdu: gíríìnì tí ó jinlẹ̀, tí ó ń dán, tí búlúù díẹ̀ sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Cobalt ni búlúù tí ó mọ́ kedere, tí kò dúdú tó aró aṣọ ẹtù, tí kò sì fẹ́ẹ́rẹ́ tó ojú ọ̀run.

Mo ti dán nǹkan méjì wò, kò sì sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ cobalt sórí tábìlì, mo wá fi aṣọ emerald tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín rẹ̀ já. Ní ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wù mí púpọ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí mo tan iná, tí mo sì fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, tábìlì náà di ohun kan ṣoṣo tí ó ṣókùnkùn, n kò rí ibi tí ọ̀kan ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe káàdì. Mo kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó ní emerald sórí cobalt, ó sì ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nígbà tí àpẹẹrẹ rẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, cobalt mi ti di elésè àlùkò, emerald sì ti ṣá bí ewé tí oòrùn pa. Màmá ọkọ mú káàdì náà jìnnà sí ojú, wọ́n tún sún un mọ́ ojú, wọ́n ní àwọn kò rí orúkọ ọmọ àwọn kà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọ̀ méjèèjì yìí bá ara wọn mu rárá? Bí wọ́n bá bá ara wọn mu, níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ayàwòrán Ìkòròdú fèsì pé:

Ọmọ Èpè, ẹ kú làálàá. Wọ́n bá ara wọn mu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já yín láyà. Bí a bá to àwọ̀ gbogbo yípo bí wọ́n ṣe tò nínú òṣùmàrè, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni gíríìnì àti búlúù jókòó sí, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń gbà wọ́n láìjà. Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ra yìí kan náà ni ó fa wàhálà yín. Ohun tí ojú fi ń ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ láti òkèèrè ni bí ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, orúkọ àwọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi fóònù ya tábìlì yín ní fọ́tò, kí ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun. Bí aṣọ méjèèjì bá di àwọ̀ eérú kan náà, ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní í rí ìyàtọ̀ wọn.

Emerald tí kọ̀ǹpútà mọ̀ sí #50C878 àti cobalt tí ó mọ̀ sí #0047AB, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 4 sí 1 lọ. Ìlànà WCAG, tí àwọn tí ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé, béèrè fún 4.5 sí 1 kí lẹ́tà kékeré tó ṣeé kà láìsí ìnira, ó sì gba 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. Èyí túmọ̀ sí pé orúkọ tí ẹ kọ gàdàgbà lè kọjá, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àti aago tí ẹ kọ wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kò lè kọjá. Bí emerald yín bá tún wá jinlẹ̀ bí irú èyí tí Pantone, ilé iṣẹ́ tí ń fún àwọ̀ ní orúkọ àti nọ́ńbà, yàn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ọdún 2013, ìyàtọ̀ náà kò ní í tó 3 rárá. Funfun lórí cobalt, ní tirẹ̀, ju 8 sí 1 lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín ní funfun sórí cobalt, tàbí ní cobalt sórí funfun, kí ẹ wá fi emerald ya òdòdó àti etí káàdì. Ẹ má ṣe kọ funfun sórí emerald fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé nǹkan bí 2 sí 1 péré ni ìyẹn.

Ohun tí màmá ọkọ rí kì í ṣe àṣejù. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, awò inú ẹyinjú máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń dá lára ìmọ́lẹ̀ búlúù dúró kó tó wọlé, tí cobalt yóò fi ṣókùnkùn lójú àgbàlagbà, tí òun àti gíríìnì yóò sì túbọ̀ jọra. Àwọn tí wọ́n tó màmá lọ́jọ́ orí ni wọ́n sì ń jókòó síwájú ní òde wa, nítorí náà ojú tiwọn ni kí ẹ fi díwọ̀n iṣẹ́ yín.

Ní ti ìtẹ̀wé, iná pupa, gíríìnì àti búlúù ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde, ṣùgbọ́n íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, èyíinì ni sáyáànì, mágẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú, wọn kò sì lè mú gíríìnì tàbí búlúù jáde kí ó dán tó bẹ́ẹ̀. Búlúù máa ń di elésè àlùkò nígbà tí mágẹ́ńtà rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sáyáànì. Bí ẹ bá fi sáyáànì sí 100, ẹ má jẹ́ kí mágẹ́ńtà kọjá 70. Láti inú emerald, ẹ yọ mágẹ́ńtà kúrò pátápátá, torí pé díẹ̀ lára rẹ̀ ti tó láti pa gíríìnì. Kí ẹ sì ní kí atẹ̀wé fi pépà tí ẹ máa lò gan-an ṣe àpẹẹrẹ.

Ìyá Aláṣọ Òkè fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ayàwòrán sọ yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí lórí òfì. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìkòròdú, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì ń bá mi hun ún. Bí oníbàárà bá ní kí a fi òwú gíríìnì àti òwú búlúù ṣe ìlà tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́, nítorí pé bí ènìyàn bá ti fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá jìnnà sí aṣọ náà, òwú méjèèjì yóò pò mọ́ra lójú rẹ̀, yóò di àwọ̀ kan tí kò lórúkọ. Ìlà fífẹ̀ ni ó yẹ wọ́n. Kála aṣọ òkè kan, ìyẹn ọ̀já aṣọ kan bí a ṣe hun ún kí a tó rán wọn pọ̀, kò ju nǹkan bí íńṣì mẹ́rin lọ ní fífẹ̀. Kí àwọ̀ kan gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, kí èkejì gba ìyókù, kí òwú funfun bíi mélòó kan sì là wọ́n láàárín. Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ wo aṣọ ẹtù: aró tí ó jinlẹ̀ ni ó bò ó, ṣùgbọ́n ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí ó là á já ni kò jẹ́ kí ó kú sára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Ẹ yan àwọ̀ kan ní ẹ̀gbọ́n, kí èkejì ṣe àbúrò.

Ọmọ Èpè:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ya fọ́tò náà, mo sì yí i sí dúdú àti funfun. Òótọ́ ni, eérú kan náà ni méjèèjì, mo wò ó títí ojú fi tì mí. Ṣùgbọ́n Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí ni ó le jù fún mi. Bí mo bá fi cobalt ṣe ẹ̀gbọ́n, ìdílé ìyàwó yóò ní mo ti fi àwọn sẹ́yìn. Bí mo bá fi emerald ṣe é, ìdílé ọkọ ni wọ́n ń san owó gbọ̀ngàn.

Ìyá Aláṣọ Òkè:

Ọmọ mi, ìyẹn kò le. Ẹ̀gbọ́n ibì kan kò ní láti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ibi gbogbo. Kí cobalt jọba lórí tábìlì, kí emerald jọba níbi tí ọkọ àti ìyàwó máa jókòó sí. Ní ti ènìyàn, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin ìdílé ìyàwó tí wọ́n wọ léèsì emerald wé gèlè cobalt, kí àwọn ọkùnrin wọn dé fìlà cobalt. Kí ìdílé ọkọ wé emerald, kí wọ́n sì dé emerald. Bí wọ́n bá dìde láti jó, kò ní í sí igun gíríìnì kan àti igun búlúù kan nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó dùn ún wò, ó sì tún mú kí àwọn àna máa yin gèlè ara wọn.

Akunlé Àgbádárìgì fèsì pé:

Ẹ kú ìjíròrò. Kíkun ilé àti pátákó ni iṣẹ́ mi, mo sì rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni iná gbọ̀ngàn náà. Ọmọ Èpè sọ pé ọ̀sán dára, pé iná ni ó ba tábìlì jẹ́. Ẹ lọ ka ara páálí gílóòbù wọn. Bí ó bá jẹ́ 2700 K tàbí 3000 K (K yìí ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ iná), iná pípọ́n ni, búlúù tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, kí ni cobalt yóò wá fi tàn? Ẹ bá wọn wá 4000 K sí 5000 K, ẹ ó rí i pé aṣọ náà yóò jí. Nítorí iná kan náà ni aṣọ méjì ṣe lè jọra nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n má sì jọra mọ́ lóòrùn, ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó kù níláti gbé e jáde síta kí ó tó sanwó.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ ya fọ́tò létí ọ̀sà Èpè ní ìrọ̀lẹ́, inú wọn yóò dùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ, pupa ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣókùnkùn lójú ènìyàn, gíríìnì àti búlúù máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé e. Jan Purkyně, onímọ̀ ará Czech, ni ó kíyè sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní kí ẹ fi àwọ̀ wúrà sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi funfun ṣe ilẹ̀ kí ẹ tó ronú kan wúrà. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn tí wọ́n ń ṣe táìlì ní Iznik, ní ilẹ̀ Tọ́kì, lo cobalt àti gíríìnì emerald papọ̀ lára ògiri mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ́ ọ̀kan lé èkejì lórí. Ilẹ̀ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀, wọ́n fi ìlà dúdú tín-ín-rín yí ewé àti òdòdó kọ̀ọ̀kan ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n kun àwọ̀ sínú ìlà náà. Funfun yẹn ni ó ń jẹ́ kí àwọ̀ méjèèjì mí.

Ìyá Aláṣọ Òkè:

Ọ̀gá akunlé, mo gbà fún yín lórí tábìlì àti káàdì, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a lé àwọ̀ wúrà jáde ní ìgbéyàwó. Ẹ mú ìyẹ́ ìrù ọ̀kín kan dání kí ẹ wo ojú tó wà lára rẹ̀ dáadáa. Búlúù wà ní àárín, gíríìnì wà níta, kí ni ó sì wà láàárín wọn? Àwọ̀ bàbà ni. Wúrà tí ó ń kọ mànà tí ọjà kún fún yìí kọ́ ni mo ní lọ́kàn, bàbà tí ó pọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kí ó sì kéré.

Ọmọ Èpè:

Mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Aṣọ funfun ni mo máa kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì, cobalt yóò gorí rẹ̀ láìbo etí rẹ̀, emerald kò sì ní í sí níbẹ̀ àfi lára ewé òdòdó. Ìjókòó ọkọ àti ìyàwó yóò jẹ́ emerald, pẹ̀lú etí bàbà tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Mo ti pe olórí àwọn obìnrin ìdílé méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ gèlè, wọ́n gbà kí n tó parí ọ̀rọ̀. Mo ti bá onígbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ nípa gílóòbù náà pẹ̀lú, ó ní òun yóò jẹ́ kí n pààrọ̀ àwọn tó wà lókè tábìlì.

Káàdì tuntun yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ funfun lórí cobalt, mágẹ́ńtà 65. Mo ti bẹ màmá ọkọ pé kí wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì ka orúkọ ọmọ wọn sókè fún mi kí n tó sọ fún atẹ̀wé pé kí ó tẹ ìyókù.