Ológbò igbó tó ń pa mí ládìẹ jẹ

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo bá ọkọ mi padà sí oko bàbá rẹ̀ tí kò jìnnà sí Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, níbi tí ilẹ̀ àgbẹ̀ ti bá ọgbà ẹranko tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park pààlà. Mo kó ogójì adìẹ ìbílẹ̀ sínú ilé tí a fi pákó àti páànù kàn. Kí oṣù méjì tó pé, mọ́kànlá ti lọ nínú wọn. N kì í gbọ́ ariwo lóru. Ohun tí mo máa ń bá láàárọ̀ kò ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá pákó kan tó ti jẹrà nísàlẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní ẹtà ni. Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ fẹ́ kí a sọ ọ́ sókè, nítorí ó ti rí ojú méjì tó ń tàn lẹ́yìn àká ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì dá a lójú pé ohun tó ń rìn lóru bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹranko lásán. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ra tàkúté irin, mo dẹ ẹ́ sẹ́nu ihò náà, mo sì lọ sùn.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ tí nǹkan ń kùn. Mo sáré lọ pe Bàbá Ọdẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti ń ṣọdẹ nínú igbó yẹn kí ìjọba tó sọ ọ́ di ọgbà ní ọdún 1991. Ẹranko tí tàkúté mú jọ ológbò ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí pé ológbò ẹlòmíràn ni mo ṣe léṣe. Bàbá Ọdẹ tanná tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ní kí n wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti ológbò ilé lọ. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀pa, ara rẹ̀ rí bí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlà ara náà kò hàn ketekete, ṣùgbọ́n òrùka dúdú yí ìdí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ká, ṣóńṣó ọ̀hún sì dúdú bí èédú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú kan ni irin náà há mọ́. Kò jà mọ́. Ó kàn da etí dé ẹ̀yìn, ó tẹjú mọ́ iná.

“Ìyàwó, èyí kì í ṣe ẹtà o. Ológbò igbó ni. Àwọn lékuléja yóò ra orí àti awọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ kí ọjọ́ tó kanrí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá wo nǹkan.”

Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn àká, wọ́n fi igi tú ìgbẹ́ gbígbẹ kan tó wà nílẹ̀. Irun ẹmọ́ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú egungun tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ àti eyín èkúté tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí òroǹbó. Ìyẹ́ adìẹ tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ti ń ka adìẹ mọ́kànlá láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì fìgbà kankan ka àgbàdo tí ẹmọ́ àti àfè kò rí jẹ nínú àká mi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n pa lówe pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pa á fún oko.

Bàbá Ọdẹ da àpò ìdọ̀họ bò ó, wọ́n sì ṣí tàkúté. Ó gé wọn ní àtàǹpàkò jẹ láti inú àpò kó tó sá lọ, èyí sì di ọ̀rọ̀ ọṣẹ, omi àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n gbà títí tó fi pé. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe bí a ti ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló yẹ kí a ránṣẹ́ pè.

Ilé adìẹ ni mo wá tún ṣe. Mo yọ pákó tó jẹrà, mo fi wáyà tí ojú rẹ̀ kò gba àtàǹpàkò yí gbogbo rẹ̀ ká, mo sì ri ìsàlẹ̀ wáyà náà mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan kí ohunkóhun má baà walẹ̀ wọlé. Owó wáyà yẹn dùn mí. Láti ìgbà náà, adìẹ kan péré ló ti lọ, ojú mi kòrókòró sì ni àṣá ṣe gbé e lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan tó wá bá àwa àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ló sọ ohun tí n kò rò rí. Ó ní irú ológbò igbó yìí ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà wọ́n lè gun ara wọn, kí wọ́n sì bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ti inú igbó yóò fi máa lúlú díẹ̀díẹ̀ títí ojúlówó rẹ̀ yóò fi tán láìsí pé ẹnikẹ́ni yìnbọn. Mo gbé akọ ológbò mi lọ fún dókítà ẹranko, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Àwọn ará abúlé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi oṣù kan.

Ẹkùn la máa ń fi kì ara wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi Àmọ̀tẹ́kùn sọ ẹ̀ṣọ́ ààbò wọn lórúkọ, inú wa sì dùn sí i. Síbẹ̀ Bàbá Ọdẹ, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní àwọn kò tíì gbéyàwó nígbà tí àwọn fojú kan ẹkùn gbẹ̀yìn. Ológbò igbó kò ní oríkì kankan tí mo mọ̀. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí a tètè fura pé òun náà ń dínkù.

Lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá ipasẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá àká, róbótó-róbótó, láìsí àmì èékánná bíi ti ajá, ìka kan sì wà tí kò tẹlẹ̀ dáadáa. Mo fi han ìyá ọkọ mi. Wọn kò tíì gbà pé ẹranko lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń pariwo pé kí n ti ilẹ̀kùn adìẹ kí oòrùn tó wọ̀.