96 lójú ẹ̀rọ, èémí ò sì lọ

Ìyá Mushin

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun kó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mushin là ń gbé, ìsọ̀ mi wà ní Ìdúmọ̀tà. Bàbá àwọn ọmọ mi, tí wọ́n bá ti sùn, ará yàrá kejì á mọ̀. A ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa. Èyí tí kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ni ti ọjọ́ tí wọ́n ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Island, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wọn dúró lórí Third Mainland, tí oorun gbé wọn lọ lórí sítíárìn. Họ́ọ̀nù dáńfó ló jí wọn. Wọ́n délé, wọ́n ní, "Ìyá wọn, Ọlọ́run ló kó mi yọ lónìí."

Mo rántí oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọmọ ìka, tó ń sọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, tí a rà nígbà Kòrónà lọ́dún 2020. Mo ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, mo há a mọ́ wọn níka níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. 98. Wọ́n ní ṣé mo ti wá rí i pé ara àwọn le. Mo gbà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ojú oorun ni ẹran ọ̀fun ti ń dẹ̀, tó ń wó dí ọ̀nà èémí. Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ rí lára ẹni tó lajú sílẹ̀ tó ń pariwo "góòlù"?

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti kú, mo rọra há a mọ́ wọn níka, mo fi fìlà bo iná rẹ̀ kó má baà tàn sí wọn lójú. Wọ́n ń hanrun lọ, 96. Híhanrun dá wáí. Àyà ń gbé, ikùn ń gbé, afẹ́fẹ́ kankan ò gba imú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà dé ogún, 96 ṣì ni. Mo ní irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa. Mo kà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n ṣe "họ̀ọ̀!" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lómi, wọ́n yíra padà, híhanrun tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọkàn mi ti balẹ̀ yìí ni nọ́ńbà wá ń já: 94, 91, 87, 84. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó tún gòkè padà. Àṣé ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ́síjìn gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró ní láti rìn dé ọmọ ìka kí ẹ̀rọ tó mọ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ló ń ròyìn.

Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan gbáko, mo ń fi bírò fa ìlà kan sẹ́yìn ìwé gbèsè oníbàárà mi nígbàkigbà tí èémí bá dá. Ìlà 18.

Ìgbà kan ó já sí 71, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìka ló ti yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, fáànù sì ti mú ọwọ́ wọn tutù nini. Ìlà tó ń fò bí ọkàn ṣe ń lù, lójú ẹ̀rọ, ti di jágajàga. Tí ìlà yẹn ò bá lọ geere, ẹ má gba nọ́ńbà náà gbọ́.

Ará Sùúrùlérè

Ẹ kú ìṣọ́ òru, mọ́mì. Nílé tiwa, èmi ni mò ń hanrun. Mo ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó ń kọ gbogbo òru sílẹ̀ sórí fóònù. Láàárọ̀ mo wo ìpíndọ́gba: 95. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó jẹ́ dókítà, mo fi ẹ̀rín sí i.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń béèrè ìpíndọ́gba? Ẹni tó yó lánàá tó febi sùn lónìí, tí ẹ bá pín in dọ́gba, ṣebí ó jẹun. Ẹ fi àwòrán ìlà ránṣẹ́." Ìlà rí bí eyín ayùn láti aago kan dé márùn-ún. ODI ló ń wá, ìyẹn iye ìgbà tí ọ́síjìn já ní wákàtí kan. Tèmi jẹ́ 26. Ó ní kí n wò ó bóyá ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ mi fi ń ka jíjá tàbí 4, torí èyí tó ń lo 3 á kà jù. Ní ti ìdánwò oorun gidi, èémí tó bá dá dúró tàbí tó dín kù fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ó kéré tán ni wọ́n ń kà: 5 dé 15 ní wákàtí kan kò le púpọ̀, 15 dé 30 ti ń le, ó kọjá 30, ó le gan-an.

Òru tí mo mu bíà méjì níbi òde, ODI mi di 41. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì àti láàlì kúrò lórí èékánná. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú ìka kọjá. Àwọ̀ wa náà ń tan ẹ̀rọ yìí jẹ. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ èsì jáde nínú New England Journal of Medicine: nínú aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀rọ fún ní 92 sí 96, bí 12 nínú 100 ni ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 88. Ti òyìnbó kò ju bí 4 lọ. Nítorí náà, ẹ yé bára yín jà lórí 93 àti 94. Bó ṣe ń já tó ń gòkè ni kí ẹ wò.

Ìsàlẹ̀ Èkó

Tèmi yàtọ̀. Òru mẹ́ta, kò já wá sísàlẹ̀ 93 rárá. Síbẹ̀ orí fífọ́ ni mo fi ń jí, mo sì ń sùn lọ lórí àga níwájú àlejò. Ìdánwò oorun ló fi hàn pé èémí mi ń dí ní ìgbà 17 ní wákàtí kan. Ara mi máa ń ta jí kí ọ́síjìn tó ráyè já. Ọkọ mi ti fi 93 yẹn bá mi jà fún oṣù méjì pé ọ̀lẹ ni mí.

Ìyá Mushin

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. A ti lọ. Dókítà ò fi ìwé gbèsè mi ṣẹ̀sín, ó ka ìlà bírò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọn ọrùn bàbá àwọn ọmọ mi: sẹ̀ǹtímítà 44. Ó ní ọrùn tó bá ti kọjá 40 ni àwọn máa ń fura sí. Wọ́n so wáyà mọ́ wọn lára sùn mọ́jú, wọ́n sì fún wọn ní CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nímú kí ọ̀fun má baà wó. Bàbá wọn kọ́kọ́ ní àwọn ò lè fi imú erin sùn. Ní báyìí wọn kì í fẹ́ bọ́ ọ mọ́.

Iná ló kù. A ti ń dájọ owó ìnfátà. Lánàá, NEPA mú iná lọ láago mẹ́ta òru. Híhanrun ló jí mi.